Ìyá Ìbejì, bá mi dé Ìtòkú

Houston, Texas
Ọjọ́ 8, oṣù kejì, 2026

Ìyá Ìbejì mi ọ̀wọ́n,

O kú ọjọ́ mẹ́ta o. Àwọn ìbejì ńkọ́? Bàbá wọn ńkọ́? Mo mọ̀ pé wàá ti máa sọ ọ́ lọ́kàn pé ọjọ́ tí mo bá níṣẹ́ tí mo fẹ́ rán ọ nìkan ni mo máa ń rántí kọ̀wé. Òótọ́ ni. Iṣẹ́ wà lẹ́nu mi lónìí náà, àmọ́ jẹ́ kí n kọ́kọ́ ro ẹjọ́ mi, torí bí mo bá kàn ní kí o lọ bá mi ra àdìrẹ ní ọjà Ìtòkú ní Abẹ́òkúta, wàá ní ìnáwó kan ni mo tún fẹ́ lọ.

O mọ̀ pé fọ́tò òwàǹbẹ̀ yíyà ni mo fi ń jẹun níbí. Ìgbéyàwó, ìkómọ, ọjọ́ ìbí àádọ́ta ọdún, òkú àgbà tí wọ́n sin sí Ìjẹ̀bú tí wọ́n wá ń ṣe ìnáwó rẹ̀ ní Houston. Owó ń wọlé, mi ò ní ṣe aláìmoore. Ṣùgbọ́n ìnáwó tí wọ́n pè ní aago méje, aago mẹ́wàá ló ń bẹ̀rẹ̀, aago mẹ́ta òru ni mò ń délé, eékún mi sì ti ń bá mi sọ̀rọ̀.

Iṣẹ́ tí mo wá ń lé báyìí ni ti àwọn tí wọ́n ń pè ní síníọ̀, ìyẹn àwọn ọmọ tó wà ní kíláàsì kejìlá, bíi SS3 tiwa. Lọ́dún tí ọmọ bá fẹ́ jáde, fọ́tò ti fẹ́rẹ̀ẹ́ di dandan. Iléèwé ní onífọ́tò tirẹ̀ tó ń ya gbogbo wọn sínú ìwé ọdún, àmọ́ ìyẹn ò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí pasipọ́ọ̀tù. Aṣọ dúdú kan báyìí ni wọ́n ń fi bo èjìká àwọn ọmọbìnrin. Ọ̀kan á bọ́ ọ, èkejì á gbé e wọ̀, ìṣẹ́jú méjì, ó parí. Ìdí nìyẹn tí àwọn òbí fi ń wá onífọ́tò tiwọn lọ́tọ̀, tó máa mú ọmọ jáde, tó máa ya á nínú aṣọ tó wù ú, pẹ̀lú fèrè tàbí bọ́ọ̀lù rẹ̀. Fọ́tò yẹn ni wọ́n ń tẹ̀ sórí káàdì ìpè, òun ni wọ́n ń gbé síwájú ilé kí ará àdúgbò rí i, òun náà ló máa ń dúró gàgàrà lẹ́nu ọ̀nà gbọ̀ngàn lọ́jọ́ tí wọ́n bá ń ṣe àjọyọ̀ ìjáde. Bẹ́ẹ̀ ni o, àwọn ará wa ti sọ ìyẹn náà di òwàǹbẹ̀. Aṣọ ẹbí ń bẹ, DJ ń bẹ.

Ohun tó ń dùn mí ni pé àwọn ìyá tí mo ti ń ya láti ọjọ́ yìí wá, bí ọmọ wọn bá di síníọ̀, ẹlòmíràn ni wọ́n ń pè. Mo bi ọ̀kan léèrè. Ó ní, “Ṣé ìwọ náà máa ń ya irú ẹ̀ ni?” Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí lára. Nígbà tí mo délé, mo ṣí Instagram ara mi wò: gèlè, gèlè, owó níná, gèlè, ìyàwó lórí ìkúnlẹ̀, gèlè. Ẹ̀kọ ni mo pàtẹ, mo wá ń bínú pé wọn ò bi mí nípa iyán.

Ni mo bá pinnu pé n ó fi owó ara mi ṣe ọjọ́ kan. Mi ò ní gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Èmi ni n ó yan ọmọ, èmi ni n ó yan aṣọ, èmi ni n ó yan ibi tí a ó ti yà á, kí ohun tí mo bá gbé síta lè jẹ́ irú èyí tí mo fẹ́ kí wọ́n máa tìtorí ẹ̀ pè mí.

Má rò pé ìgbà àkọ́kọ́ nìyí. Mo ti dán an wò ní oṣù keje tó kọjá. Ojú ló ń tì mí tí mi ò fi sọ fún ọ. Ọmọ méje ni mo pè lẹ́ẹ̀kan náà, aago méjì ọ̀sán. Tọkọ̀-tọkọ̀ ni àwọn ìyá wọn bá wọn wá. Ooru Houston lóṣù keje kì í ṣe ti Abẹ́òkúta o. Àfi bí ìgbà tí wọ́n fi aṣọ gbígbóná rírin wé ọ lójú. Mo gbé kámẹ́rà jáde nínú mọ́tò tí AC ti ń fẹ́ sí i láti òwúrọ̀, kí n tó gbé e sójú, ojú lẹ́ǹsì ti làágùn, ó funfun báláú. Mo nù ún, ó tún bò. Ogún ìṣẹ́jú gbáko ni mo fi dúró tí mò ń rẹ́rìn-ín sí àwọn ìyá. Àtíkè ti ń ṣàn bá ọrùn àwọn ọmọ sílẹ̀. Oòrùn wà ní àtàrí, abẹ́ ojú gbogbo wọn ṣú bí ẹni tí wọ́n lù. Nínú fọ́tò tó lé ní 600, mẹ́rin péré ni mo lè fi han èèyàn. Ẹni tó bá mi kun àtíkè fún àwọn ọmọ náà, ọ̀sẹ̀ kan ni mo ní n ó fi kó fọ́tò fún un, oṣù kan ààbọ̀ ló fi dúró. A ṣẹ̀ṣẹ̀ tún ń kí ara wa ni. Ẹ̀bi mi ni.

Ká ní ojú ọ̀gá tó kọ́ wa níṣẹ́ fọ́tò ló ṣe ni, ìgbátí ni ì bá kọ́kọ́ fún mi. Ṣé o rántí pé kì í jẹ́ ká fọwọ́ kan kámẹ́rà bí a ò bá tíì sọ fún un bí fọ́tò náà ṣe máa rí? Fíìmù wọ́n nígbà yẹn lóòótọ́. Àmọ́ ṣé torí fíìmù nìkan ni?

Lọ́tẹ̀ yìí, ọmọ mẹ́ta péré, Sátidé ọjọ́ 11 oṣù kẹrin. Kíláàsì kọkànlá ni wọ́n ṣì wà, oṣù kẹjọ ni wọn ó tó wọ kejìlá. Mo mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é bẹ́ẹ̀ ni: ìgbà ìsinmi gígùn ni ọ̀pọ̀ òbí ń bẹ̀rẹ̀ sí í wá onífọ́tò, mo sì fẹ́ kí iṣẹ́ mi ti wà lórí fóònù àwọn ọmọ kí owó tó jáde lápò ìyá wọn. Iléèwé ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni mo ti mú wọn. Mi ò wá arẹwà. Ọmọ tó lẹ́nu ni mo wá, èyí tó jẹ́ pé bó bá wọlé, gbogbo kíláàsì á mọ̀ pé ó dé. Wọn ò tíì pé ọdún 18, torí náà òbí ló máa fọwọ́ síwèé pé mo lè fi àwòrán wọn polówó. Ibi tí kò bá ti sí ìwé yẹn, mi ò gbé kámẹ́rà.

Àwọn kan ní kí n kó wọn lọ sí ọ̀nà Brenham, níbi tí òdòdó bluebonnet ti ń tẹ́ lọ bẹẹrẹ nígbà yẹn. Òdòdó ìpínlẹ̀ Texas ni, láti 1901. Gbogbo onífọ́tò ibí ló ń gbé ọmọ lọ jókòó sáàárín rẹ̀. Mo ní rárá. Àwọ̀ aró ni òdòdó yẹn, aró sì ni aṣọ mi. Aṣọ á kàn rì sínú ẹ̀ ni. Èèrà ibẹ̀ sì ń ta bí iná. Hermann Park ni n ó lọ, láàárín ìlú, adágún omi gígùn kan wà níbẹ̀ tí igi tò sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ewé tútù ni mo fẹ́ lẹ́yìn àdìrẹ. Onífọ́tò tó ń ṣòwò ní láti gba ìwé àṣẹ, mo ti kọ̀wé béèrè. A ní láti tètè débẹ̀ ṣá, torí àwọn ọmọbìnrin Mẹ́síkò tó ń ṣe àjọyọ̀ ọdún 15 máa ń kún ibẹ̀ ní Sátidé pẹ̀lú ẹ̀wù tó fẹ̀ bí agboòrùn.

Oòrùn á wọ̀ ní nǹkan bíi aago 7:45. Aago 4:30 la ó pàdé fún irun àti ojú, 5:30 la ó bẹ̀rẹ̀, ogójì ìṣẹ́jú fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ọmọkùnrin onífèrè ló máa ṣíwájú, agbábọ́ọ̀lù tẹ̀ lé e, ọmọbìnrin tó máa wọ àdìrẹ á gbẹ̀yìn. Òun ni mo fi ìmọ́lẹ̀ tó dára jù pa mọ́ fún. Kámẹ́rà n ó ti gbé síta láti aago mẹ́rin kó lè mọ ooru lára. Ọmọ mi ni yóò di páálí funfun mú nísàlẹ̀ ojú wọn, bí ìwọ àti èmi ṣe máa ń di èyí tí ọ̀gá lẹ bébà dídán inú páàkì sìgá mọ́. Bí ìmọ́lẹ̀ bá pọ̀ lẹ́yìn, kámẹ́rà á fẹ́ sọ ojú ọmọ dúdú di èédú. Ìmọ́lẹ̀ ojú ni n ó wọ̀n, kí ẹ̀yìn ṣe bó ṣe fẹ́. Ìyá kan ti bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀ mí pé kí n jẹ́ kí ọmọ òun pupa díẹ̀. Mo ní bó ṣe bí i ni n ó ṣe yà á. Ó rẹ́rìn-ín, àmọ́ mo mọ̀ pé yóò tún padà wá.

Ìyá ọmọ àdìrẹ gan-an ló jẹ́ kí n rí fọ́tò tí mò ń wá. Mo lọ sílé wọn ká lè jọ sọ̀rọ̀ aṣọ. Ìyá ní kí ọmọ jókòó dáadáa, kó kọjú síwájú, kó gbé ọwọ́ lé eékún. Ọmọ ní rárá, ẹ̀gbẹ́ lòun fẹ́ wò, bíi pé òun ò mọ̀ pé wọ́n ń ya òun. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í jà, ọ̀kan ní Yorùbá, ọ̀kan ní gẹ̀ẹ́sì. Ni mo bá gbójú sókè, mo rí fọ́tò ìyá àgbà lára ògiri: dúdú àti funfun, ó jókòó gbọnyin lórí àpótí, ọwọ́ méjèèjì lórí eékún, irun ṣùkú, kò rẹ́rìn-ín, ó ń wò ọ́ bíi pé ìwọ lo jẹ ẹ́ lówó. Mo pe ọmọ náà síbẹ̀. Ó dúró níwájú ẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, ló bá béèrè bóyá òun náà lè jókòó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n kí òun wọ bàtà kánfáàsì òun.

Fọ́tò mi nìyẹn, Ìyá Ìbejì. Irun ṣùkú, jákẹ́ẹ̀tì àdìrẹ, kánfáàsì funfun, orí àpótí. Ìyá á gbé e kọ́ sí pálọ̀, ọmọ á gbé e sórí fóònù. Fọ́tò tí ìyá bá fẹ́ ló ń mówó wá. Èyí tí ọmọ bá fẹ́ ló ń mú oníbàárà mìíràn wá. Mi ò tíì rí ọ̀kan tó ṣe méjèèjì.

Ó wá kan ìwọ. Bá mi dé Ìtòkú. Àdìrẹ ẹlẹ́kọ ni mo fẹ́ o, èyí tí wọ́n fi ìyẹ́ adìẹ kọ, kì í ṣe èyí tí ẹ̀rọ tẹ̀. Bí o bá rí èyí tó ní ọnà Ìbàdàndùn, tí òpó gbọ̀ngàn Mápó hàn dáadáa lára rẹ̀, òun ni kí o mú, yáàdì márùn-ún. Télọ̀ ibí ní òun nílò ọ̀sẹ̀ méjì. Àbúrò ọkọ mi ń bọ̀ láti Èkó ní ọjọ́ 15 oṣù kẹta, bá mi fi rán an. Kí o tó sanwó, fi áńkáṣíìfù funfun tútù nù ún lójú ìyá tó ń tà á: bí aró bá ṣí díẹ̀, kò burú, bó bá ṣí bí omi yíǹkì, fi í sílẹ̀ fún un. Tóo bá délé, rẹ ẹ́ sómi iyọ̀ mọ́jú, kí o ṣan án títí omi ẹ̀ á fi mọ́, torí ẹ̀wù funfun lọmọ náà máa wọ̀ sábẹ́ ẹ̀. Owó ti wọ àkáǹtì rẹ láàárọ̀ yìí. Ìyókù, fi ra nǹkan fún àwọn ìbejì.

Tóo bá sì kọjá ní ṣọ́ọ̀bù ọ̀gá, wò ó bóyá àpótí tí a máa ń gbé àwọn ìyá jókòó lé ṣì wà níbẹ̀. Má gbé e rán mi o. Ya á wá fún mi lórí WhatsApp, níwájú àti lẹ́gbẹ̀ẹ́, kí o sì fi téèpù wọ̀n ọ́n láti ilẹ̀ dé orí, kí káfíńtà ibí lè kan irú ẹ̀.

Èmi ni,
Ọlọ́wọ́-gbígbọ̀n rẹ