Ta Ló Ń Bi Ẹlẹ́ja Léèrè?

Sí Olóòtú,

Ẹni tó kọ̀wé sí yín pé ká fi kíka ẹja òkun sílẹ̀ fún àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì nìkan kò tíì tú páálí ẹja yìnyín rí. Èmi ń tú u láràárọ̀ ní ọjà Kàbà. Lóòótọ́, àwa tí à ń kí ara wa ní "Okun o", ọ̀pọ̀ wa ò fojú kan òkun rí. Ẹja inú rẹ̀ la mọ̀.

Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀, páálí alárán oníkìlò 20 kì í ju ẹja ogójì lọ. Nísinsìnyí, mo ń kà tó ọgọ́ta. Bóyá ẹja ló ń kéré lómi, bóyá àwọn tó ń kó o wọlé ló ń ṣa ńlá sọ́tọ̀, mi ò lè búra. Kò kúkú sẹ́ni tó bi mí.

Ta ló lè rì sísàlẹ̀ òkun lọ ka ẹja? Iye tí wọ́n pa, bó ṣe gùn tó àti ọjọ́ orí rẹ̀ ni wọ́n fi ń ṣírò. Egungun kékeré kan wà nínú etí ẹja tó ń ní òrùka lọ́dọọdún bíi ti inú igi. Inú ìṣirò yìí náà ni àṣìṣe ti ń yọ́ wọlé. Ní Newfoundland, ní Kánádà, àwọn apẹja ọlọ́kọ̀ kékeré pariwo títí pé kọ́ọ̀dù (irú èyí tí wọ́n ń sá di okporoko) ń kéré, ó sì ń wọ́n. Ṣùgbọ́n àwọn ọkọ̀ ńlá ní ẹ̀rọ tó ń wá ẹja kiri. Ibi tí ìyókù bá kóra jọ sí ni wọ́n ń ju àwọ̀n sí, àwọ̀n ń kún, ìṣirò sì ń sọ pé ẹja ṣì pọ̀. Ní oṣù Keje 1992, ìjọba fòfin de pípa rẹ̀. Nǹkan bí 30,000 èèyàn ló pàdánù iṣẹ́. Ọdún 2024 ni wọ́n tó ká òfin náà kúrò.

Òfin Amẹ́ríkà ti 1976 dá ìgbìmọ̀ mẹ́jọ sílẹ̀ lórí ẹja òkun. Apẹja ń jókòó níbẹ̀, ará ìlú sì lè wọlé sọ tẹnu ẹ̀. Mi ò ní kí àwọn olùwádìí òkun tiwa ní Victoria Island, l'Ékòó, máa wọkọ̀ wá sí Kàbà. Kí wọ́n fún àwọn apẹja Ìlàjẹ lága nínú ìpàdé, kí àwa tí à ń tú páálí sì ní nọ́ńbà fóònù tí a ó máa fi iye ránṣẹ́ sí. Ìwọ̀n mi kì í purọ́, bí àwọn oníbàárà mi tiẹ̀ ń jiyàn.

Ìwé tí mo ń kọ gbèsè sí, mo ti ń kọ iye ẹja páálí kọ̀ọ̀kan sẹ́yìn rẹ̀ báyìí.

Èmi ni tiyín,
Ìyá Ẹlẹ́ja, Kàbà