Ta ló ní kí wọ́n máa pe èyí ní Manor?

Olóòtú,

Ní Sátidé tó kọjá, wọ́n tún lẹ ìwé mọ́ géètì wa: owó àbójútó ẹ́sítéètì ti di ìlọ́po méjì. Wọn ò sọ ìdí. Òjò tó rọ̀ lálẹ́ ọjọ́ náà sì mù wá dé kókósẹ̀ lójú títì. Gàdàgbà ni wọ́n kọ "Manor" sí pátákó ẹnu géètì ọ̀hún, orúkọ tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń pe ilé ńlá olówó ilẹ̀ láyé àtijọ́.

Mo gbé Kent nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì rí, mo sì wọ Penshurst Place, ilé ńlá àtijọ́ kan níbẹ̀. Manor gidi nìyẹn! Ọdún 1341 ni wọ́n kọ́ gbọ̀ngàn rẹ̀ fún John de Pulteney, oníṣòwò tó ṣe olórí ìlú Lọ́ńdọ̀nù lẹ́ẹ̀mẹrin. Àárín gbọ̀ngàn gan-an ni ààrò wà, igun mẹ́jọ ló ní. Igi chestnut tí wọ́n fi ṣe òrùlé ṣì wà lókè. Kí n tó wò ó tán, ọrùn ti ń ro mí. Tiwa ńkọ́? Òpó símẹ́ńtì méjì, ọ̀kan ti là.

Manor kì í ṣe ilé lásán láyé ìgbà yẹn. Ilé, oko, ọlọ àti èèyàn ni. Àwọn ará oko tí wọ́n ń pè ní villein a máa ṣiṣẹ́ ọ̀fẹ́ lóko olórí manor. Bí wọ́n bá fẹ́ fọmọbìnrin fọ́kọ, wọ́n á sanwó. Bí baálé ilé bá kú, ẹran rẹ̀ tó dára jù di ti olórí. Ìyà gbáà ni, n kò gbè é. Àmọ́ manor ní kóòtù, àwọn ará oko fúnra wọn ló ń sọ ohun tí àṣà wí níbẹ̀, akọ̀wé a sì kọ ọ́ sórí awọ àgùntàn. Èyí tí wọ́n kọ ní ọ̀rúndún kẹtàlá ṣì wà tí à ń kà. Ẹni tí wọ́n gba adìẹ lọ́wọ́ rẹ̀ mọ ìdí.

Àwa ò mọ̀ ọ́n. Wọn ò sọ ìdí!

Àwọn aláṣẹ tó ń fọwọ́ sí pílánù lábẹ́ ẹ̀rọ amúlétutù, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣòfin yìí: ẹ́sítéètì tó bá fẹ́ jẹ́ Manor gbọ́dọ̀ kọ́ gbọ̀ngàn kó tó ta ilé kankan. Lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún, kí onílé àti ayálégbé jókòó síbẹ̀, kí wọ́n ka owó tó wọlé àti èyí tó jáde sókè ketekete, owó dísù, owó ọlọ́dẹ, gbogbo ẹ̀. Kí wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé ńlá kan tí ẹnikẹ́ni lè ṣí wò. Kí wọ́n gbẹ́ gọ́tà pẹ̀lú.

Bí ìyẹn bá pọ̀ jù fún wọn, kí wọ́n yọ pátákó yẹn. Mo ní àkàbà nílé.

Ayálégbé tí kò tíì san,
Èkó