Lẹ́tà sí Bọ̀ọ̀dá mi ní Kubwa, nítorí owó páànù àti ìrìn-àjò odò

Flagstaff, Arizona

Bọ̀ọ̀dá mi,

Ẹ kú ilé, ẹ kú òjò. Mo kí ìyàwó yín, mo kí àwọn ọmọ, mo dọ̀bálẹ̀ fún Màámi. Mo gbọ́ ohùn méjèèjì tí ẹ fi ránṣẹ́. Ẹ ní mo fẹ́ lọ ṣeré lórí omi nígbà tí òrùlé Màámi ń jò. Owó páànù ti kúrò lọ́wọ́ mi láti ọjọ́ Ajé. Owó oṣù keje àti ti oṣù kẹjọ ni mo sì fi tẹ̀lé e lẹ́ẹ̀kan náà, kó má baà di pé ẹ ń pè mí, fóònù mi ò sì lọ. Ṣé káfíńtà ti dé? Ẹ ò dárúkọ rẹ̀ nínú ohùn méjèèjì.

Ẹ bèèrè pé èló ni wọ́n máa san fún mi nídìí ìrìn-àjò odò yìí. Kọ́bọ̀ ò sí níbẹ̀, kì í sì í ṣe pé wọ́n rẹ́ mi jẹ. Òfin ọgbà ìjọba tó ń jẹ́ Grand Canyon ni, àfonífojì ńlá kan níbí ní Arizona. Àwọn ilé-iṣẹ́ kan wà tó ń gbowó lọ́wọ́ àlejò láti fi ọkọ̀ gbé wọn gba inú àfonífojì náà lórí odò Colorado. Tiwa kọ́ nìyẹn. Tiwa ni ti àwọn èèyàn tó kó ara wọn jọ, ẹnikẹ́ni ò sì gbọdọ̀ gbowó iṣẹ́ níbẹ̀, ìbáà ṣe ẹni tó ń tukọ̀ tàbí ẹni tó ń dáná. Gbogbo wa la jọ dá owó ọkọ̀ tí a yá, owó oúnjẹ, ìwé àṣẹ, àti mọ́tò tó máa gbé wa lọ, tó máa gbé wa bọ̀. Àwọn ọjọ́ ìsinmi tí ọ̀gá mi ń sanwó fún ni mo lò, nítorí náà owó oṣù mi ò dín.

Kò sì ṣeé sún síwájú. Láti 2006 ni wọ́n ti ń fi lọ́tìrì pín ìwé àṣẹ náà. Ẹni tó bá ti lọ láìpẹ́ yìí, àǹfààní tirẹ̀ láti rí i gbà kéré sí ti ẹni tí kò tíì lọ rí. Ọjọ́ tí wọ́n bá kọ sínú ìwé lọjọ́ tí ọkọ̀ máa kúrò ní Lees Ferry, níbi tí ìrìn-àjò ti ń bẹ̀rẹ̀. Èèyàn 16 ló pọ̀ jù. Nígbà ooru, ọjọ́ 16 ló gùn jù láti ibẹ̀ dé Diamond Creek, níbi tí a ó ti gòkè kúrò lómi, ìyẹn máìlì 226. Ẹnì kan ò sì gbọdọ̀ lọ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún.

Ẹ ní odò wo ló wà láàárín aṣálẹ̀. Yìnyín tó ń yọ́ lórí àwọn òkè Rocky ló ń ṣàn wá. Dáàmù Glen Canyon, tí wọ́n ti ilẹ̀kùn rẹ̀ ní 1963 kí omi lè di adágún lẹ́yìn rẹ̀, ló ń dá a dúró ní nǹkan bíi máìlì 15 sókè Lees Ferry. Ìsàlẹ̀ adágún, níbi tí òòrùn kì í dé, ni omi ti ń jáde. Nítorí náà omi á tutù nini, etídò á sì gbóná ju 40°C lọ. Ẹni tó bá já sómi, láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀ ọwọ́ rẹ̀ lè kú, kó má lè di okùn mú. Láìfù jákẹ́ẹ̀tì kì í kúrò lára wa lórí omi, Màámi lè fọkàn balẹ̀.

Iná mànàmáná ni dáàmù náà ń ṣe, bí àwọn ìlú bá sì ṣe ń lo iná ni omi ń kún tó ń fà. Ẹ mọ bí dáàmù Shiroro ṣe ń ṣí géètì tí omi fi ń ká àwọn ará ìsàlẹ̀ mọ́lé; ti ibí ń wáyé lójoojúmọ́, ní ìwọ̀nba, ó sì ń gba ọ̀pọ̀ wákàtí kó tó dé ọ̀nà jíjìn. Ní ibùdó kan, òru ni omi á kún. Ní òmíràn, ọ̀sán. Tí ẹ bá so ọkọ̀ mọ́ iyanrìn nígbà tí omi kún, orí ilẹ̀ gbígbẹ lẹ máa bá a láàárọ̀, ẹrù inú rẹ̀ ò sì ní jẹ́ kó ṣeé tì. Ẹ ó fi okùn gígùn so ó, ẹnì kan á sì máa jí wò ó lóru.

Ọkọ̀ rọ́bà tí a ń fẹ́ atẹ́gùn sí ni, ẹsẹ̀ bàtà 18, férémù irin lórí rẹ̀. Àjẹ̀ méjì ló wà lọ́wọ́ atukọ̀, òmíràn wà ní dídè lẹ́gbẹ̀ẹ́ nítorí àpáta máa ń ṣẹ́ ẹ. Gbogbo ẹrù la fi bẹ́líìtì dè bí ẹni pé ọkọ̀ máa dojú dé dandan. Ohun tó ń mú omi ru ni òkúta ńlá tí àgbàrá ń yí wọ odò láti inú àwọn ọ̀gbun ẹ̀gbẹ́. Ibi tí omi ti ń ru tí wọ́n ń pè ní Crystal ò le tó báyìí títí àgbàrá oṣù Kejìlá 1966 fi da òkúta síbẹ̀. Òmíràn, Lava Falls, ní máìlì 179, ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń bẹ̀rù jù. A ó dúró lókè ibẹ̀, a ó fẹsẹ̀ rìn lọ wò ó, a ó mú ọ̀nà kan, ká tó tú okùn. Iwájú ọkọ̀ ló gbọ́dọ̀ pàdé ìgbì. Tó bá bá a lẹ́gbẹ̀ẹ́, á dà á dé. Bó bá ti ń gbé ẹ̀gbẹ́ kan sókè, gbogbo wa á sáré tẹ ẹ̀gbẹ́ náà mọ́lẹ̀. Ẹni tó bá bọ́ sómi á fẹ̀yìn lélẹ̀, ẹsẹ̀ síwájú. Kò gbọ́dọ̀ dìde dúró, torí ẹsẹ̀ lè há sáàárín òkúta, kí omi sì tẹ̀ ẹ́ rì.

Omi mímu? Odò náà ni. Nígbà tí ẹrẹ̀ bá pọ̀, álọ́ọ̀mù la ń fi sí i nínú bọ́kẹ́ẹ̀tì, bí Màámi ṣe ń fi sí omi mẹ́rúwà. A ó jẹ́ kó tòrò di òwúrọ̀ ká tó fi ẹ̀rọ sẹ́ ẹ, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ẹrẹ̀ á dí ẹ̀rọ. Omi nìkan ò sì tó: ẹni tó ń mu ún láìjẹ iyọ̀ nínú ooru yẹn, orí á máa fọ́ ọ, á máa bì, ó sì lè pa á. Ẹran ti dì gbagidi kó tó wọ kúlà, ti ọjọ́ ìkẹyìn nísàlẹ̀. Yìnyín ńlá la ń lò, wẹ́wẹ́ máa ń tètè yọ́. Kúlà tí ọjọ́ rẹ̀ ò tíì pé, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ ṣí i.

Ìgbẹ́ ńkọ́? Ẹ rẹ́rìn-ín: à ń kó o bọ̀ ni, nínú àpótí irin tí ológun fi ń kó ọta, rọ́bà yí ẹnu rẹ̀ ká. Inú odò la máa ń tọ̀ sí, òfin ló sọ bẹ́ẹ̀, torí òjò ibẹ̀ ò tó láti fọ etídò. Orí àwo irin la ti ń dáná igi, eérú rẹ̀ náà ń bá wa bọ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ ọgbà máa yẹ gbogbo rẹ̀ wò ní Lees Ferry, títí kan àjẹ̀ àti jákẹ́ẹ̀tì, kí wọ́n tó jẹ́ ká lọ.

Nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò sí nínú àfonífojì náà. Fóònù sátẹ́láìtì wà fún ìjàǹbá nìkan, hẹlikópítà ló sì ń wá gbé ẹni tó bá fara pa gan-an. Ẹ má pe ẹnikẹ́ni nítorí mi lọ́jọ́ kẹwàá. Ilẹ̀ ẹ̀yà Hualapai ni Diamond Creek, à ń sanwó fún wọn ká tó gba ibẹ̀ jáde. Inú ipa omi ni ojú ọ̀nà rẹ̀ gbà, òjò oṣù keje àti oṣù kẹjọ sì lè gbé e lọ. Tí mo bá fi ọjọ́ kan pẹ́, ojú ọ̀nà ni.

Bọ̀ọ̀dá, mo bẹ̀ yín, páànù ni kí ẹ fi owó páànù rà. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ti bèèrè lọ́wọ́ ìyàwó yín, ó ní kí n bi yín. Ẹ fi fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ kó tó di Ọjọ́bọ̀.

Àbúrò yín,
Káyọ̀dé