Lẹ́tà sí Àjọkẹ́ lórí ìsọ̀ tuntun rẹ̀ ní Bódìjà

Àjọkẹ́ ọmọ mi,

Ṣé àlàáfíà lo wà? Ṣé ọjà ń tà? Inú mi dùn gan-an pé ìsọ̀ rẹ ti dúró. Olúwa á jẹ́ kó gbèrú. Ọ̀rọ̀ kan wà lọ́kàn mi tí mi ò fẹ́ sọ lórí fóònù, ìdí nìyẹn tí mo fi kọ ọ́ sílẹ̀, kí o lè tún un kà.

Ìwọ lo máa ń lé orin fún wa lọ́jọ́ Àìkú, o sì mọ Bíbélì. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ àwọn tó ń ra ìrẹsì lọ́wọ́ rẹ ò ní dé ṣọ́ọ̀ṣì wa láéláé. Kóńgò rẹ ni wọ́n máa fi mọ irú ẹni tí Jésù tí ò ń kọrin sí jẹ́.

Mo mọ ohun táwọn kan ń ṣe sí kóńgò lọ́jà. Wọ́n á lu ìdí rẹ̀ wọnú, wọ́n á wá bu ìrẹsì lé e kó ga gègèrè lókè, kí ojú oníbàárà má bàa lọ sísàlẹ̀. Ó di ìgbà tí ìyá ọlọ́mọ bá délé, tó dà á sínú abọ́ tirẹ̀, kó tó rí i pé kò pé. Wọ́n á sọ fún ọ pé bí gbogbo ọjà ṣe ń ṣe nìyẹn, pé bí o ò bá ṣe é, gbèsè lo máa jẹ. Má gbà fún wọn, jọ̀wọ́. Ìwé Òwe orí 11 sọ ọ́ gbangba pé ìríra ni ìwọ̀n èké lójú Olúwa. Bí ọjà bá gbówó lórí, fowó lé e, kí gbogbo ayé gbọ́ iye tí ò ń tà á. Kóńgò tó pé ni kó o máa lò.

Bí ẹnì kan bá sì ṣèèṣì fi owó ránṣẹ́ sí ọ lẹ́ẹ̀mejì láti báńkì, má dúró kó pè ọ́. Ìwọ ni kó o pè é.

Alábàárù tó bá gbé àpò fún ọ, sanwó rẹ̀ lójú ẹsẹ̀, má sọ pé kó padà wá nírọ̀lẹ́. Ọmọbìnrin tó ń bá ọ tajà, ohun tí o bá jẹ ni kí òun náà jẹ. Bó bá da ẹ̀wà sílẹ̀, bẹ̀rẹ̀ kó o bá a ṣà á. Alhaja tí ìsọ̀ yín jọ kángun síra, máa kúnlẹ̀ kí wọn. Bí wọ́n bá lọ kírun, bá wọn mójú tó ọjà wọn, iye tí wọ́n ń tà á gan-an ni kó o tà á. Ìyá tó sọ̀rọ̀ àbùkù sí ọ níjọ́sí ńkọ́? Dárí jì í, ó tán.

Ìgbà tí David Hinderer, òyìnbó míṣọ́nnárì, àti Anna ìyàwó rẹ̀ wá tẹ̀dó sí Ìbàdàn ní 1853, Kúdẹtì ni wọ́n ń gbé. Wọ́n gba àwọn ọmọ sílé, wọ́n ń bọ́ wọn, wọ́n ń kọ́ wọn níwèé. Ogun Ìjàyè bẹ́ sílẹ̀ ní 1860, ọ̀nà etí òkun dí, oúnjẹ àti owó wọ́n wọn, síbẹ̀ wọn ò lé àwọn ọmọ náà dànù. Lójú tèmi, oúnjẹ tí wọ́n pín nígbà ọ̀wọ́n yẹn wọ àwọn ará Ìbàdàn lọ́kàn ju ìwàásù lọ.

Bàbá rẹ ní kí n kí ọ. Ti owó ìsọ̀ tó kù, a ó jọ sọ ọ́ bí o bá wálé lọ́jọ́ Àìkú.

Èmi ni,
Ìyá rẹ.