Ẹ béèrè oúnjẹ tí ìyá wọn máa ń sè fún wọn

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ kú làálàá lórí èdè wa.

Mo ka lẹ́tà tí arákùnrin kan kọ sínú ìwé ìròyìn yín láìpẹ́ yìí. Ó ní oúnjẹ Ìlú Ọba àti ti Amẹ́ríkà kò yàtọ̀ síra, pé búrẹ́dì ni, pọ̀tétò ni, kò níyọ̀, kò láta, kò sì sí ohun tí ọmọ Yorùbá fẹ́ kọ́ níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà dùn mí. Ọdún 14 ni mo fi ṣe iṣẹ́ ìtọ́jú àgbàlagbà ní Leeds ní Ìlú Ọba kí ọmọ mi obìnrin tó kọ̀wé mú mi wá sí Atlanta, ní ìpínlẹ̀ Georgia ní Amẹ́ríkà, mo sì ti lo ọdún mẹ́fà lẹ́nu iṣẹ́ kan náà níbí. Ọwọ́ mi yìí ni mo fi ń bọ́ wọn. Mo ti rí ẹni tí oúnjẹ tí kò mọ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ fi ebi pa.

Màmá kan wà lọ́wọ́ mi ní Leeds, ẹni ọdún 91. Iyè rẹ̀ ti ń ra, kò dá ọmọ tó bí mọ̀ mọ́. Lọ́dún kan tí òtútù mú un, ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni kò fi jẹun. A gbé ọbẹ̀ wá, ó pa ẹnu dé. A gbé ẹja wá, ó kọjú sí ògiri. Ní alẹ́ ọjọ́ kẹta, ọmọ rẹ̀ jókòó tì í, ó ń sunkún, ló bá sọ fún mi pé ìrẹsì oní-mílíìkì ni màmá náà máa ń sè fún àwọn ní kékeré bí ara àwọn kò bá yá. Mo bọ́ sí kíṣìnì. Ìrẹsì kóńkó tó máa ń rọ̀ pọ̀ ni wọ́n fi ń ṣe é, ẹ̀kúnwọ́ kan péré, mílíìkì púpọ̀, ṣúgà, bọ́tà díẹ̀, kí a rin nutmeg sí i lórí. Inú ófùn tí iná rẹ̀ kò le ló máa ń wà fún bíi wákàtí méjì, títí awọ aláwọ̀ igi yóò fi bò ó lójú. Awọ yẹn gan-an ni ọmọ wọn máa ń jà sí, bí ọmọ tiwa ṣe ń jà sí ìdí ìkòkò. Mo fi etí ṣíbí gé e, ó fà díẹ̀ kó tó já. Mo gbé e sún mọ́ imú màmá kí n tó gbé e sún mọ́ ẹnu rẹ̀. Ó lajú. Ó ní, "Èmi ni mo ni awọ yẹn." Ọ̀rọ̀ tó kọ́kọ́ jáde lẹ́nu rẹ̀ láti ọjọ́ mẹ́ta nìyẹn. Ó jẹ gbogbo rẹ̀ tán.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ọ̀gá wa bá mi wí pé ìrẹsì oní-mílíìkì kò sí nínú ètò oúnjẹ ọ̀sẹ̀ náà. Ó ń dùn mí títí dòní.

Kí ẹ tó ní oúnjẹ wọn kò ládùn, ẹ wo ibi tí ìran màmá yẹn ti ń bọ̀. Oṣù January 1940 ni ìjọba Ìlú Ọba bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìwọ̀n pín oúnjẹ fún aráàlú nítorí ogun, oṣù July 1954 ni ẹran tó kúrò nínú ìwé ìpín. Tíì pàápàá, ìwọ̀n ni. Búrẹ́dì, tí wọn kò fi ìwọ̀n pín nígbà tí ogun ń jà, ogun parí tán ni wọ́n tó fi ìwọ̀n pín in, láti 1946 títí di 1948. Nígbà tí ogun ń jà, pọ̀tétò kò sí nínú ìwé náà, ẹja díndín àti pọ̀tétò díndín kò sí níbẹ̀. Àwọn nǹkan wọ̀nyí ni wọ́n fi yó, òun náà ni ọkàn wọn ń padà sí. Yorkshire pudding tí wọ́n fi ń yangàn ní agbègbè Leeds, fúláwà, ẹyin àti mílíìkì ni wọ́n pò, tí wọ́n dà sínú ọ̀rá tó gbóná janjan nínú ófùn, tó sì wú gẹlẹtẹ. Láyé àtijọ́, wọn kì í gbé e pẹ̀lú ẹran pọ̀. Òun ni wọ́n kọ́kọ́ ń fi omi ẹran jẹ, kí ikùn lè kún díẹ̀ kí ẹran tó dé, nítorí ẹran kò tó. Ẹ̀yin tí ìyá yín máa ń ní kí ẹ jẹ òkèlè tán kí ẹ tó fọwọ́ kan ẹran, ó yẹ kí èyí yé yín.

Tíì ńkọ́? Bí ọ̀fọ̀ bá ṣẹ̀ wọ́n, kẹ́túlù ni wọ́n kọ́kọ́ gbé kaná. Bí obìnrin bá bímọ tán ní ọsibítù, tíì gbígbóná àti búrẹ́dì yíyan tí wọ́n fi bọ́tà ra ni wọ́n máa ń gbé fún un, ọ̀pọ̀ ìyá ni mo sì ti gbọ́ lẹ́nu wọn pé àwọn kò jẹ búrẹ́dì tó dùn tó ti ọjọ́ náà rí. Àmọ́ bí ẹ bá dé Georgia tí àgbàlagbà kan ní kí ẹ bu tíì wá, ẹ má gbé kẹ́túlù. Tíì tútù oní-yìnyín tí ṣúgà pọ̀ nínú rẹ̀ ló ń bi yín.

Ìwà mi kan tí mo kábàámọ̀ ló jẹ́ kí n mọ̀ pé ìlú méjèèjì kì í ṣe ọ̀kan náà. Bàbá kan, adúláwọ̀ bíi tiwa, ẹni ọdún 84, ọmọ abúlé kan ní gúúsù Georgia, ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ọsibítù dé. Ní Leeds, ẹ̀wà inú agolo tí a dà sórí búrẹ́dì yíyan ni mo máa ń ṣe fún ẹni tí kò lè jẹun púpọ̀. Mo ra ẹ̀wà agolo, mo yan búrẹ́dì, mo ṣe é bẹ́ẹ̀. Bàbá wò ó títí, ó bi mí pé kí ni ẹ̀wà wá ṣe lórí búrẹ́dì, ó sì rọra tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́. Nígbà tí mo tọ́ ọ wò, ó dùn yàtọ̀: omi ìrèké dúdú ni wọ́n fi sè é, ẹran ẹlẹ́dẹ̀ sì wà nínú rẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ ẹran yíyan ni wọ́n máa ń bù ú sí níbí. Báyìí là ń ṣe nílé wa, èèwọ̀ ibòmíràn. Ẹ sì wá wò ó, Pittsburgh ní Amẹ́ríkà ni Heinz, ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe ẹ̀wà agolo tí wọ́n ń jẹ ní Ìlú Ọba, ti wá, 1886 ni ṣọ́ọ̀bù Fortnum & Mason ní Lọ́ńdọ̀nù bẹ̀rẹ̀ sí í ta ọjà wọn. Ará Ìlú Ọba gba ẹ̀wà náà, wọ́n dín adùn rẹ̀ kù, ó di tiwọn.

Grits ni bàbá ń fẹ́. Àgbàdo gbígbẹ tí a lọ̀ ni, tí kò kúná. Àwọn ọmọ onílẹ̀ Amẹ́ríkà ti ń jẹ àgbàdo bẹ́ẹ̀ kí òyìnbó tó débẹ̀. Nígbà tí mo rí i, mo ní ẹ̀kọ nìyí. Mo fi omi tútù pò ó, mo da omi híhó lé e bí ẹni ń po ẹ̀kọ gbígbóná, ó sì dà bí yanrìn nínú omi. Àbúrò bàbá náà, màmá kan, ló kọ́ mi. Omi àti iyọ̀ yóò hó ná, ọwọ́ òsì yóò máa wọ́n àgbàdo sí i díẹ̀díẹ̀, ọwọ́ ọ̀tún yóò máa rò ó, kí a wá dín iná kù fún bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú títí yóò fi máa hó pọ̀ọ̀, pọ̀ọ̀. Bọ́tà ló kẹ́yìn. Mo na ọwọ́ sí ṣúgà, màmá náà di ọwọ́ mi mú. Ó ní ilé àwọn kì í fi ṣúgà sí i. Bàbá jẹ abọ́ kan, ó tún bu òmíràn.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe makaróní oní-wàràkàṣì náà kò dọ́gba. Ní Leeds, wọ́n á fi fúláwà, bọ́tà àti mílíìkì se omi rẹ̀, òun nìkan sì tó oúnjẹ alẹ́. Nílé àwọn adúláwọ̀ tí mo ń lọ ní Atlanta, wọ́n máa ń fi ẹyin sí i, wọ́n á sè é nínú ófùn títí yóò fi ṣeé gé, ẹ̀gbẹ́ adìyẹ àti ẹ̀fọ́ ló sì máa ń wà lọ́jọ́ Sunday. Wọ́n á béèrè ẹni tó sè é kí wọ́n tó bù ú. Ó ní ìdí tí wọn kì í fi fọwọ́ yẹpẹrẹ mú un. James Hemings, ẹrú Thomas Jefferson tó di ààrẹ Amẹ́ríkà lẹ́yìn náà, ẹni tí wọ́n mú lọ sí Paris ní 1784 láti kọ́ṣẹ́ oúnjẹ, wà lára àwọn tó sè é fún àwọn ọlọ́lá ìgbà náà. 1796 ló tó gba òmìnira. Ní 1937, nígbà tí ọrọ̀ ajé le, ilé-iṣẹ́ Kraft gbé tiwọn jáde nínú páálí, sẹ́ǹtì 19, tó lè bọ́ ènìyàn mẹ́rin. Bí ọdún tuntun bá sì wọlé, ẹ̀wà olójú dúdú tí gbogbo wa mọ̀, èyí tó bá àwọn baba wọn kọjá òkun láti Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà, ni wọ́n ń sè pẹ̀lú ìrẹsì ní January 1. Ìgbà àkọ́kọ́ tí wọ́n gbé e síwájú mi, n kò lè sọ̀rọ̀.

Ọmọbìnrin Yorùbá kan tó ti Manchester dé bá wa níbi iṣẹ́. Àgbàlagbà kan ní òun fẹ́ biscuit àti gravy. Ọmọbìnrin náà fún un ní bísíkíìtì dídùn, ó ń wá omi ẹran aláwọ̀ igi. Búrẹ́dì kékeré rírọ̀ tí wọ́n fi mílíìkì kíkan pò ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀ ní gúúsù Amẹ́ríkà, gravy rẹ̀ sì funfun. Kò sẹ́ni tó kọ́ ọ. Wọ́n kọ́ ọ bí a ṣe ń gbé ènìyàn lórí ibùsùn, bí a ṣe ń kọ ìwé oògùn, wọn kò kọ́ ọ ní èyí.

Nítorí náà ni mo ṣe kọ̀wé, Olóòtú. Àwọn ọmọ wa pọ̀ lẹ́nu iṣẹ́ yìí ní ìlú méjèèjì, àwọn mìíràn ṣì ń bọ̀. Mo bẹ̀ wọ́n: lọ́jọ́ tí ẹ bá kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ àgbàlagbà, ẹ bi òun tàbí ọmọ rẹ̀ léèrè ohun tí ìyá rẹ̀ máa ń sè bí ara rẹ̀ kò bá yá, kí ẹ kọ ọ́ sínú ìwé tí gbogbo ẹni tó bá wọṣẹ́ yóò rí. Bí ó bá jẹ́ ẹni tí oúnjẹ ń há lọ́fun, ẹ kọ́kọ́ bi nọ́ọ̀sì kí ẹ tó fún un ní ohunkóhun. Kí àwọn tí ìyá wọn wà nílé ìtọ́jú ní Lọ́ńdọ̀nù tàbí Houston náà sọ fún àwọn tó ń tọ́jú wọn pé ẹ̀kọ àti mọ́ínmọ́ín ni ìyá ń fẹ́, kí wọ́n sì gbé e lọ fún un.

Bí ẹ bá lè fún wa ní igun kékeré kan nínú ìwé ìròyìn yín, kí àwa tí a wà lẹ́nu iṣẹ́ máa fi bí a ṣe ń se oúnjẹ wọ̀nyí ránṣẹ́ ní Yorùbá, èmi yóò kọ ti ìrẹsì oní-mílíìkì àti ti grits ránṣẹ́ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, pẹ̀lú ìwọ̀n gbogbo ohun tó wọ inú wọn.

Èmi ni tiyín,
Ìyá olùtọ́jú àgbàlagbà kan,
Atlanta, Georgia.