Ẹ jẹ́ kí ẹ̀rọ náà dé ọwọ́ kí ẹ tó yìn ín

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn o. Ojú ewé ìmọ̀ ẹ̀rọ yín ni lẹ́tà yìí ń bá wí, pàápàá ibi tí ẹ ti ń yẹ àwọn irinṣẹ́ tí wọ́n ń fi owó ìdáwójọ ṣe lórí Kickstarter àti Indiegogo wò (ojú òpó íntánẹ́ẹ̀tì ni méjèèjì, tí ará ìlú ti ń dáwó fún ohun tí wọn kò tíì ṣe). Ohun tó ń jáde níbẹ̀ lábẹ́ àkọlé "Àyẹ̀wò" kì í ṣe àyẹ̀wò. Ẹni tó kọ ọ́ wo fídíò ìpolówó, ó da iye tó wà lójú ewé ìdáwó kọ, ó sì fún ẹ̀rọ tí ẹnikẹ́ni kò tíì fọwọ́ kàn ní ìràwọ̀ mẹ́rin nínú márùn-ún. Ọmọ tí a kò tíì bí la ń sọ lórúkọ yẹn.

Kí òǹkàwé kọ́kọ́ mọ ohun tí owó rẹ̀ ń ṣe. Kickstarter, tó bẹ̀rẹ̀ ní 2009, kì í ṣe ìsọ̀ ìtajà. Ó fara jọ owó àsansílẹ̀ tí a ń fún télọ̀ nígbà tí ọdún bá ń bọ̀ (gbogbo wa la mọ ibi tí ìyẹn ń já sí nígbà mìíràn), àfi pé ìlú òkèèrè ni télọ̀ tibí yìí wà, kò sì sí ẹni tó lè lọ jókòó tì í ní ṣọ́ọ̀bù. Kì í ṣe èsúsú náà, torí kò sí ọjọ́ tí ìkó máa kan ẹnikẹ́ni. Lórí Kickstarter, bí owó kò bá pé iye tí wọ́n béèrè, wọn kò ní yọ kọ́bọ̀ lára káàdì olùdáwó. Indiegogo ní tirẹ̀ fi ọ̀pọ̀ ọdún fàyè gba kí oníṣẹ́ kó iye yòówù tó bá rí lọ, ìbáà má tó iṣẹ́ ṣe. Èwo nínú méjèèjì yìí ni owó yín wọ̀? Ìpínrọ̀ àkọ́kọ́ ló yẹ kí òǹkàwé ti rí ìdáhùn.

Kí ẹ̀rọ tó dé, ìlérí nìkan ló wà nílẹ̀ láti yẹ̀ wò, ìṣirò sì ni a fi ń yẹ ìlérí wò. Ẹ mú páńẹ́ẹ̀lì sólà tó ṣeé ká bí ìwé, tí wọ́n ní ó ń mú wáàtì 60 wá. Bí wọ́n bá tẹ́ ẹ sílẹ̀ tán, tí ó jẹ́ 30 sẹ̀ǹtímítà ní ìbú àti 40 ní gígùn, ojú rẹ̀ kò ju 0.12 mítà onígun lọ. Oòrùn ọ̀sán gangan ń da nǹkan bí wáàtì 1,000 sórí mítà onígun kan, nítorí náà wáàtì 120 ló bọ́ sórí tiwa. Páńẹ́ẹ̀lì tó dára gan-an ń sọ nǹkan bí 22 nínú ọgọ́rùn-ún èyí di iná. Wáàtì 26 ló kù, kí eruku ọyẹ́ tó bù tirẹ̀. Ibo ni 60 ti fẹ́ wá?

Ti páwà báǹkì yàtọ̀ díẹ̀, ó sì ń ṣi ọ̀pọ̀ olùyẹ̀wò lọ́nà. 20,000mAh (mílíámpíà-wákàtí, ìyẹn iye iná tí bátìrì lè gbà) tí wọ́n kọ gàdàgbà sí i lára, ti bátìrì inú rẹ̀ ni, ní fólìtì 3.7. Ẹ sọ ọ́ di ámpíà-wákàtí 20, lọ́nà 3.7, wáàtì-wákàtí 74 nìyẹn. Fólìtì 5 ni ojú USB ń gbé jáde, 74 sì pín sí 5 jẹ́ 14.8, ìyẹn 14,800mAh. Ooru á tún jẹ bí 10 sí 15 nínú ọgọ́rùn-ún. Ẹ̀rọ tó bá mú 12,600 jáde kò purọ́ rárá. Ẹni tí kò mọ ìṣirò yìí á pe ọmọlúàbí ní olè, á sì tún yin olè fún wa.

Igo Fontus, tó bọ́ sórí Indiegogo ní 2016, ni àpẹẹrẹ tó dùn jù. Wọ́n ní yóò máa fi sólà kékeré fa omi látinú afẹ́fẹ́, ó lè tó 0.8 lítà ní wákàtí kan. Kí ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ tó di omi lítà kan, ẹ̀rọ ní láti gba ooru tó nǹkan bí wáàtì-wákàtí 680 kúrò lára rẹ̀. Fún 0.8 lítà, iṣẹ́ náà lé ní wáàtì 540 láìsinmi, látara páńẹ́ẹ̀lì tó lè wọ àpò.

Lẹ́yìn ìṣirò, ẹ wá wo àwòṣe, ìyẹn ẹ̀rọ àkọ́kọ́ tí wọ́n fi ń dán iṣẹ́ náà wò. Láti 2012 ni Kickstarter ti ka àwòrán tí kọ̀ǹpútà yà bíi pé ẹ̀rọ gidi ni léèwọ̀. Àwòṣe tó ń ṣiṣẹ́ ni wọ́n gbọ́dọ̀ fi hàn. Òfin yìí ló mú abẹ Skarp, tí wọ́n ní yóò fi iná lésà fá irùngbọ̀n. Nígbà tí wọ́n dá a dúró ní oṣù kẹwàá 2015, ìlérí tó wà lórí rẹ̀ ti lé ní $4 mílíọ̀nù. Owó kò tíì kúrò lápò ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n wọ́n gbé e lọ sórí Indiegogo lójú ẹsẹ̀. Nítorí náà, ẹ máa ṣọ́ ibi tí fídíò ti gé. Bí wọ́n bá gé e ní kété tí ẹ̀rọ fẹ́ ṣe iṣẹ́ tí wọ́n torí rẹ̀ ń gbowó, ìyẹn ni kí ẹ kọ.

Zano, dróònù kékeré tí iléeṣẹ́ Torquing Group ní Wales fẹ́ ṣe, fi hàn pé fídíò nìkan kò tó ẹ̀rí. Àwọn olùdáwó 12,075 dá £2.3 mílíọ̀nù. Nínú nǹkan bí 15,000 tí wọ́n gbowó rẹ̀, bí 600 ló jáde kí iléeṣẹ́ náà tó wó ní oṣù kọkànlá 2015, àwọn tó sì jáde kò lè fò bí wọ́n ṣe fò nínú fídíò. Kickstarter fúnra rẹ̀ sanwó fún akọ̀ròyìn Mark Harris kó wádìí ọ̀rọ̀ náà.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣubú ni láàárín àwòṣe kan àti ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá. Àwòṣe, ọwọ́ ni wọ́n fi ń tò ó. Ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá nílò irin tí wọ́n gbẹ́ ihò sínú rẹ̀, tí wọ́n á máa da ike yíyọ́ sí. Ọ̀kan ṣoṣo lè jẹ ẹgbẹẹgbẹ̀rún dọ́là, gbígbẹ́ rẹ̀ sì máa ń gba ọ̀sẹ̀ púpọ̀. Ike àkọ́kọ́ tó jáde lára rẹ̀ kì í sábà bára mu. Wọ́n á padà lọ ha irin náà, wọ́n á tún ike dà. Lẹ́yìn náà ni ìdánwò redíò àti ti bátìrì lítíọ́mù; láìsí ti bátìrì, ọkọ̀ òfurufú kò ní gbé e. Ẹni tó bá parí ìdáwó ní oṣù kẹta tó ní òun á fi ránṣẹ́ ní oṣù kẹfà kò tíì gbẹ́ irin rí. Pebble, aago ọwọ́ tó gba lé ní $10 mílíọ̀nù lọ́wọ́ olùdáwó 68,929 ní 2012, ṣèlérí oṣù kẹsàn-án. Oṣù kìíní 2013 ló bẹ̀rẹ̀ sí í dé. Ẹni tó ṣe é sì ti ṣe aago mìíràn tà rí.

Owó ńlá kì í wo àìsàn yìí. Coolest Cooler, kúlà tó ní ẹ̀rọ ìlọ̀ àti sípíkà, béèrè $50,000 ní 2014, ó rí lé ní $13 mílíọ̀nù. Iye tí wọ́n gbà lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan kéré sí ohun tó ná wọn láti ṣe é. Wọ́n wá ń ta á fún ẹlòmíràn lórí Amazon nígbà tí ẹgbẹẹgbẹ̀rún olùdáwó ṣì ń retí tiwọn, títí wọ́n fi tìlẹ̀kùn ní 2019. Ìbéèrè tó yẹ kí olùyẹ̀wò bi ara rẹ̀ kò le: ṣé irú ẹ̀ wà lọ́jà, èló ni wọ́n ń tà á? Bí iye ìdáwó bá jẹ́ ìdajì iye ọjà, kí ara fu yín.

Kò túmọ̀ sí pé gbogbo wọn ni gbájúẹ̀. Ìwádìí Ethan Mollick ti Yunifásítì Pennsylvania ní 2015 rí i pé 9 nínú ọgọ́rùn-ún iṣẹ́ tó rówó lórí Kickstarter ni kò fi nǹkan tí wọ́n ṣèlérí ránṣẹ́. Ọ̀pọ̀ ló ń dé. Ìgbà tó bá dé ni iṣẹ́ olùyẹ̀wò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀.

Bí ó bá jẹ́ páwà báǹkì, kí ó so mítà USB kékeré mọ́ ọn, kí ó fi iṣẹ́ tó ń fa ámpíà 2 sí i lára títí yóò fi kú, kí ó kọ iye tó jáde. Kí ó pa dátà, kí ó wò ó bóyá ẹ̀rọ á ṣì ṣiṣẹ́, torí Pebble ṣíwọ́ iṣẹ́ ní oṣù kejìlá 2016, àwọn olùyọ̀ǹda-ara-ẹni tó ń jẹ́ Rebble ló ní láti gbé iṣẹ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì rẹ̀ dúró. Kí ó ka ohun tó wà lára ṣájà: fólìtì 230 ni iná tiwa, èyí tí wọ́n bá kọ 120V nìkan sí á jóná kí ẹ tó mí. Kí ó wò ó bóyá síkúrù ló dè é tàbí gọ́ọ̀mù, nítorí ọmọ Computer Village kò lè tún ohun tí kò ṣeé tú ṣe. Kí ó sì mọ̀ pé ẹ̀rọ tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí oníròyìn lè jẹ́ èyí tí wọ́n fọwọ́ ṣà. Ti olùdáwó lásán ló ṣeé gbára lé. Lójú ewé Kickstarter, àwọn olùdáwó máa ń sọ̀rọ̀ sí abẹ́ iṣẹ́ kan, ẹ máa kà á kí ẹ tó kọ.

Ohun tí a ń bẹ̀bẹ̀ fún kò pọ̀. Ẹ pín ojú ewé náà sí méjì, "Ìlérí" àti "Àyẹ̀wò". Lábẹ́ "Àyẹ̀wò", ẹ kọ ọjọ́ tí wọ́n dáwó, ọjọ́ tí wọ́n ṣèlérí, ọjọ́ tí ó dé, àti àpapọ̀ owó pẹ̀lú owó ìfiránṣẹ́ àti ti kọ́sítọ́ọ̀mù. Ní ti ìràwọ̀, ẹ fi pamọ́ títí ẹ̀rọ yóò fi lo oṣù mẹ́ta lọ́wọ́ ẹni tó sanwó rẹ̀.

Àwa ni tiyín nítòótọ́,
Àwọn olùdáwó kan, Ìbàdàn