Ìròyìn oúnjẹ àti àìsàn iṣan: ẹ jẹ́ ká mọ ohun tí eku jẹ àti ìgbà tó jẹ ẹ́

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ takuntakun. Ọ̀rọ̀ mi dá lórí bí a ṣe ń ròyìn ìwádìí nípa oúnjẹ àti àìsàn multiple sclerosis, níbi tí àwọn sẹ́ẹ̀lì tó yẹ kí wọ́n dáàbò bo ara ti ń ba ìbora ọlọ́ràá tó wà lára iṣan inú ọpọlọ àti ọ̀pá ẹ̀yìn jẹ́. Orí ẹranko ni púpọ̀ nínú àwọn ìwádìí náà ti wáyé, ṣùgbọ́n bí ìròyìn bá fi máa dé etí wa, ẹranko ti pòórá nínú rẹ̀.

Láti àwọn ọdún 1930, nígbà tí Thomas Rivers ṣiṣẹ́ lórí ọ̀bọ ní Amẹ́ríkà, ni àwọn onímọ̀ ti mọ bí wọ́n ṣe lè dá irú àìsàn yìí sílẹ̀. Eku ni wọ́n sábà ń lò báyìí. Wọ́n á gún un lábẹ́rẹ́ tó ní èròjà ìbora iṣan náà nínú, wọ́n á sì máa yẹ̀ ẹ́ wò lójoojúmọ́: bí ìrù rẹ̀ bá rọ tí kò lè gbé e mọ́, máàkì 1, bí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn méjèèjì bá rọ pátápátá, máàkì 3, bó bá kú, 5. Máàkì yìí ni wọ́n sábà fi ń mọ̀ bóyá oúnjẹ kan ṣe é láǹfààní.

Ní 2013, ìwádìí tó jáde nínú Nature, ìwé ìròyìn ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì, fi hàn pé iyọ̀ àpọ̀jù ń mú kí àwọn sẹ́ẹ̀lì ajagun tí wọ́n ń pè ní Th17 pọ̀ sí i, àìsàn eku sì ń le sí i. Àmọ́ iyọ̀ náà kó ìdá 4 nínú ọgọ́rùn-ún oúnjẹ wọn, wọ́n tún bu ìdá 1 sínú omi wọn, èyí tí kò sẹ́ni tó máa fínnúfíndọ̀ mu. Nígbà tó kan ènìyàn, ìwádìí kékeré kan ní 2015 rí i pé iyọ̀ àti líle àìsàn náà jọ ń rìn. Èyí tó tóbi jù ú lọ, tó jáde ní 2017, kò rí bẹ́ẹ̀.

Èyí tó wú mi lórí jù ni ti ẹgbẹ́ onímọ̀ sáyẹ́ǹsì Valter Longo ní 2016, nítorí pé wọ́n dín oúnjẹ kù fún ọjọ́ mẹ́ta mẹ́ta fún eku tí àìsàn ti mú tẹ́lẹ̀. Ara ọ̀pọ̀ wọn fúyẹ́, ti àwọn kan sì yá pátápátá, bẹ́ẹ̀ ni àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń tún ìbora iṣan ṣe pọ̀ sí i. Síbẹ̀, ebi ń mú kí ara eku tú hòmóònù kan tí wọ́n ń pè ní corticosterone jáde, èyí tó lè pẹ̀tù sí ìjà inú ara fúnra rẹ̀. Nínú púpọ̀ irú ìwádìí yìí pàápàá, wọ́n ti yí oúnjẹ padà kí wọ́n tó gún abẹ́rẹ́, bẹ́ẹ̀ ẹni tí dókítà ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ fún pé ó ní àìsàn náà ti kọjá ìgbà yẹn.

Nítorí náà, mo bẹ̀ yín, Olóòtú, kí àwọn akọ̀ròyìn yín máa kọ irú ẹranko tí wọ́n lò, ìwọ̀n oúnjẹ náà, àti bóyá ṣáájú àìsàn tàbí lẹ́yìn rẹ̀ ni wọ́n fún un, sínú ìpínrọ̀ àkọ́kọ́ gan-an.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Òǹkàwé yín